Obìnrin Orí Okùn Tí Bàbá Mi Yà

Ó dìgbà kan ná o, Bàbá mi. Ó dìgbà, ayàwòrán Bódìjà, ọkọ Àdùkẹ́, ọlọ́wọ́ pẹ́ńsù tí kì í gbọ̀n. Ìlú òyìnbó ni mo ti kàwé, ẹ̀yin lẹ sì tún fi èdè yìí sí mi lẹ́nu. Ẹ ní lọ́jọ́ tí mo bá ń dágbére fún yín, èdè òyìnbó kò ní í dé etí yín. Mo ti gbọ́, Bàbá. Ẹ gbọ́ tèmi.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi ya àwòrán ilé onílé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Ìyẹn ni ẹbí ń pè ní iṣẹ́. Lọ́dún tí àwọn eléré sákọ́ọ̀sì pàgọ́ sí pápá kan ní Ring Road, ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin lẹ fi lọ wò wọ́n. Láti ìgbà náà, ẹ kò ya nǹkan mìíràn mọ́: olókìtì, apanilẹ́rìn-ín tó kun ojú, àti obìnrin tó ń rìn lórí okùn. Ìyẹn ni ẹbí ń pè ní wèrè.

Bùọ̀dá Àpáta, ẹ̀gbọ́n yín àgbà, kò lè wọlé wa kí wọ́n má bi yín pé, "Àwọn ọ̀bọ rẹ ńkọ́?" Ẹ̀yin náà á ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń kí yín."

Ọjọ́ kẹta tí ẹ kú, wọ́n tú àpótí yín. Wọ́n bá obìnrin orí okùn níbẹ̀, ojú kan náà nínú bíi ogójì àwòrán. Kíá, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹbí ti mọ̀: àlè ni. Àǹtí Ṣàngó, àbúrò yín, ní kí wọ́n wá a rí, kó wá ṣe opó, kó má baà gbé ọmọ dé lẹ́yìn ọ̀la. Àgbàlagbà mẹ́ta wọ táásì lọ sí Sábó, níbi tí àlejò ìlú pọ̀ sí, wọ́n ń fi àwòrán han àwọn èèyàn káàkiri. Wọ́n padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n ní bí a bá ti sin yín tán, kí a dáná sun gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi bu omi fún wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán wà ní ọwọ́ kejì. Wọn kò mọ̀.

Ẹ ti sọ fún mi, Bàbá. Ẹ̀yìn pátápátá lẹ jókòó sí nínú àgọ́ yẹn, ẹ kò rí ojú obìnrin náà rárá. Ẹ bá fi ojú ìyá mi sí i. Ẹ ní, "Òun náà ń rìn lórí okùn nínú ẹbí yìí, kò sì jábọ́ rí." Ọdún mélòó ló fi se oúnjẹ fún wọn? Wọ́n mọ adùn ọbẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọn kò wò.

Èmi ni wọ́n rán lọ sí ilé ìtẹ̀wé láti tẹ ìwé ètò ìsìnkú yín, pẹ̀lú fọ́tò tí ẹ ti wọ agbádá Bùọ̀dá Àpáta. Fọ́tò náà ṣì wà nínú àpò mi; obìnrin orí okùn ni mo fún atẹ̀wé.

Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ń fi ìwé yìí fẹ́ ara yín, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ wo iwájú rẹ̀, kí ẹ wá wo opó tó jókòó níwájú yín. Àwòrán ìyókù wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sun wọ́n, kó lọ tọrọ iná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sùn re o, Bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n yín wà níbí. Àwọn ọ̀bọ yín ń kí wọn.