Wáyà Inú Ọkàn Ọkùnrin Fídíò Yẹn

Ara mi kì í gba ìdúró láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún màmá mi, ṣe ni mo ń rìn yíká ilé wa ní Lotto, ní Mowe, bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí.

Ẹ̀rù ń ba màmá gan-an. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn wá fún wa ní síídì. Ó ní, "Ẹ lọ wò ó nílé, Mà. Ẹ ó rí bí a ṣe máa ṣe é, ọkàn yín á balẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà la wò ó. Ọkùnrin kan sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà ń ti wáyà tín-ín-rín gba itan rẹ̀ lọ sínú ọkàn. Màmá fọwọ́ bojú, wọ́n ń gba àárín ìka wò ó. Bí wáyà ṣe dé inú ọkàn báyìí, iná lọ.

Màmá ní, "Wọn ò tíì yọ ọ́."

"Mà, fídíò ni. Ọkùnrin yẹn á ti délé tipẹ́."

"Ta ló rí i nígbà tó délé? Mi ò lọ mọ́. Mi ò ní lọ dùbúlẹ̀ síbi tí mi ò ti rí ẹni tó dìde."

Ẹ gbà mí o! Dókítà ti kìlọ̀ pé ọkàn yẹn ò lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Síídì ti há sínú ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó, ni mo bá gbé ẹ̀rọ lódindi, èmi àti màmá di ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń gẹrun ní ìkóríta. Ó ní tẹlifíṣọ̀n, ó ní jẹnẹrétọ̀, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ náà ń wúkọ́. Téèyàn ò bá fọwọ́ di irin ṣóòkì rẹ̀ mú, á kú. Òun ń gẹrun lọ́wọ́, èmi ni mo lóṣòó tì í lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Èéfín ń ta mí lójú, mo ń pariwo, "Ṣé wọ́n ti yọ ọ́, Mà?" Ta ló máa gbọ́?

Nígbà tó yá, màmá jáde, ẹ̀rín lẹ́nu. "Ó dìde! Omi ló kọ́kọ́ béèrè. Ó yá, jẹ́ ká lọ palẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n wo bí mo ṣe rọ̀ mọ́ ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ló yẹ kí wọ́n fún ní síídì."

Wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn tì. Èmi tí mi ò rí ìparí ló wá kù síta. Lójú tèmi, wáyà ṣì wà nínú ọkàn ọkùnrin yẹn. Mo lọ, mo bọ̀, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, òòyì ti ń kọ́ òun. Mo jókòó. Àṣé mo ti di etí aṣọ mi mú gírígírí, bí mo ṣe di ṣóòkì mú lánàá, ẹ̀rù sì ń bà mí láti tú u sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n ti màmá jáde lórí bẹ́ẹ̀dì, ètè wọn gbẹ, ojú wọn là díẹ̀.

Wọ́n ní, "Omi dà?"

Mo tú aṣọ mi sílẹ̀, mo bú sẹ́kún.