Mo há sídìí ẹwìrì ní Mushin

Ẹ má fi àsìkò bíréékì yín lọ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ o.

Mo sáré yà gba èyí tí màmá mi ní kí wọ́n rọ. Inú iná ló ṣì wà. Bàbá alágbẹ̀dẹ ní kí n máa bá àwọn yí wíìlì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ṣe ẹwìrì.

"Mò ń bọ̀. Tí iná yẹn bá kú, ọ̀bẹ yín ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ọ̀gá mi pè títí, mi ò lè gbé e.

Bàbá dé, wọ́n wo iná.

"O mọ̀ ọ́n ṣe. Jẹ́ kí n lọ jẹun."

Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ èyí.

Ta ló wà nítòsí Mushin? Ẹ yà kí mi. Nǹkan kékeré kan wà tí ẹ máa bá mi dì mú.