Wáyà Nọ́ńbà Mẹ́rin Nínú Bọ́ọ̀sì Tíṣà

Iṣẹ́ réwáyà ni mo ń ṣe l'Ókè-Ìlá: iná ọkọ̀ àti ẹ̀rọ orin inú ọkọ̀. Nítorí pé obìnrin ni mí, àwọn oníbàárà tuntun máa ń bi mí pé ọ̀gá dà. Kì í dùn mí mọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé èmi ni.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà tó kọ́ mi ní físíìsì ní sẹ́kọ́ńdírì ló wọlé. Ó ti fẹ̀yìn tì sí Ìjan, bọ́ọ̀sì kékeré kan ló sì fi ń gbé ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn káàkiri. Ó ra ampilifáyà tuntun sí i kí wọ́n lè máa gbé orin wọn sáfẹ́fẹ́ bí wọ́n bá jáde lọ wàásù.

Ó na wáyà kan sí mi. "Nọ́ńbà mẹ́rin ni ọkùnrin tó ń ta wáyà fẹ́ tà fún mi. Mo ní kó fún mi ní mẹ́wàá, kó lè nípọn dáadáa."

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ní ti wáyà, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń nípọn tó. Mẹ́rin ló nípọn ju mẹ́wàá lọ."

Ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀, bó ṣe máa ń wò wá ní kíláàsì. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mi ò wo iye agbára tí wọ́n kọ sára páálí ampilifáyà náà, torí wọ́n máa ń bù mọ́ ọn. Fíúùsì méjì tó wà lára rẹ̀ ni mo fi hàn án, ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Ìyẹn ni pé ó lè fa ọgọ́ta ámpì. Mo wọn ọ̀nà láti ìdí bátìrì dé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ó lé ní mítà márùn-ún. Wáyà nọ́ńbà mẹ́wàá kò lè gbé iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

"So tèmi mọ́ ọn ná," ló wí.

Mo lè kọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá fojú rí nìkan ló máa ń gbà. Mo so ó, mo fi fíúùsì kékeré sídìí bátìrì kí ohunkóhun má baà jóná, mo sì tan orin ẹgbẹ́ akọrin wọn. Bí àwọn ohùn ìsàlẹ̀ bá ti wọlé, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ṣẹ́jú. Tíṣà fọwọ́ kan wáyà, ó ti gbóná, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò pẹ́ tí fíúùsì fi já, tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ ní èyí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé wáyà tó tín-ín-rín tó sì gùn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn ni mo kọ́ níbi iṣẹ́."

Ó dìde, ó lọ pààrọ̀ wáyà náà fúnra rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé kó ha ẹnu wáyà wò: tó bá pọ́n dé inú, bàbà ni, tó bá funfun, alumínọ́ọ̀mù ni, kó fi í sílẹ̀. Ó padà dé pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin gidi. Mo tẹ́ ẹ, mo fi èyí tó nípọn bákan náà ṣe àátì, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà sára ọkọ̀, mo sì fi fíúùsì tó bá a mu sítòsí bátìrì.

Nígbà tí orin náà tún gbéra, iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò mì. Tíṣà dijú, ó ń bá wọn gbè é. Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ń fi èdè Ìjan sọ fún un pé ọmọ tí òun kọ́ ló kọ́ òun lónìí. Inú mi dùn. Mo nu ọwọ́ mi, mo sì lọ ṣí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó kàn.