Ẹni Tó Ká Koríko Ṣọ́ọ̀ṣì Bí Ẹní

Àdúrà la wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Adéògún ká koríko ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹní. Òjò ń rọ̀ dáadáa ní Darkuman, ní Ghana tí a ń gbé, síbẹ̀ koríko iwájú ilé ìsìn wa gbẹ níhìn-ín, ó gbẹ lọ́hùn-ún, bí orí ọmọ tí làpálàpá mú. Alàgbà Olúfúnṣọ́, olórí àwọn alàgbà, ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Ó gbé òróró, ó ń wọ́n ọn kiri.

"Gbogbo ọ̀tá tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ yìí!"

"Ẹ jáde!" la dáhùn.

Bàbá nìkan ni ò dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di koríko mú, ó fà á. Kò sí gbòǹgbò tó dá a dúró, odindi ló ká tẹ̀lé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìdin funfun wà rẹpẹtẹ, wọ́n sanra, orí wọn pupa, wọ́n ká kò bí ìkọ́.

"Alàgbà, àdúrà ti gbà," ni Bàbá wí. "Àwọn ọ̀tá rèé. Ẹ rọra o, wọ́n ń sùn."

"Ẹi, akokono!" ni Ìyá Ìmísíolúwa kígbe, obìnrin tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Kaneshie. Ìdin inú ọ̀pẹ tí wọ́n máa ń dín jẹ ní Ghana ló rò pé ó jẹ́. "Ẹ jẹ́ n lọ gbé páànù!"

"Gbàgbé páànù, Ìyá Ìmísí. Akokono kì í lẹ́sẹ̀. Ka ẹsẹ̀ èyí: mẹ́fà. Gbòǹgbò koríko ló ń jẹ. Kòkòrò dúdú ẹlẹ́yìn líle tó máa ń já lù yín lórí nísìn alẹ́, ọmọ ẹ̀ ni." Ó ń ṣàlàyé bí ẹni tó jẹun níbi ìkómọ wọn.

Koríko yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán lójú Bàbá. Abena, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kumasi, ló gbìn ín lórí ìkúnlẹ̀ kó tó di olóògbé. Àwọn alàgbà sì fẹ́ hú u dànù, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ ibẹ̀ fún ọkọ̀.

"Ẹ fún mi di ìparí òjò ọdún tó ń bọ̀," ni Bàbá bẹ̀ wọ́n. "Bí kò bá jí, èmi fúnra mi ni n ó ru búlọ́ọ̀kù."

Ẹ má rò pé gbogbo ọgbọ́n Bàbá ló ń jẹ́ o. Lọ́jọ́ ìkórè, nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, ó tú gbogbo adìyẹ tí ìjọ kó wá fún títà sórí koríko, kí wọ́n ṣa ìdin jẹ. Wọ́n ṣa á. Wọ́n sì tú ilẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

"Ìdin ńkọ́?" Alàgbà bi í.

"Ó ti tán, sà."

"Koríko ńkọ́?"

Bàbá wò yíká. "Òun náà ò jìnnà sí i."

Ó tún un gbìn. Ó ń fi ìka wá ìdin tó kù, ó ń jù wọ́n sínú omi ọṣẹ Ìyá Ìmísíolúwa. Nígbà tí òjò tuntun bẹ̀rẹ̀, ó ní ká máa pa iná ìta, nítorí iná ló ń pe kòkòrò wá yé ẹyin.

"Ilé Ọlọ́run, nínú òkùnkùn?" Alàgbà fárí gá.

"Jésù ni ìmọ́lẹ̀ ayé, Alàgbà. Gílóòbù kọ́."

Wọ́n pa iná náà.

Òjò ò tíì dá tí àìsàn fi gbé Bàbá dè. A gbààwẹ̀. Òróró kan náà la ta sí i lórí. Ó lọ. Ọlọ́run tó gbọ́ tiwa lórí koríko, kí ló dé tí kò gbọ́ tiwa lórí Bàbá? Kò sẹ́ni tó béèrè sókè. A kàn ń kọrin lọ, àyè rẹ̀ sì ṣófo lórí àga ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí òjò ti dá, ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù dé. Alàgbà Olúfúnṣọ́ jáde tòun ti aṣọ funfun. Kó tó ní kí wọ́n já ẹrù, ó bẹ̀rẹ̀, ó di koríko mú bí Bàbá ti máa ń ṣe, ó fà á. Koríko ò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó jókòó sílẹ̀ gbì.



"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà," ni Ìyá Ìmísíolúwa wí jẹ́ẹ́. "Bàbá ti dì í mú láti ìsàlẹ̀."

A bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ń fi ìborùn nu ojú. Alàgbà ò dìde. Ó ń fọwọ́ pa koríko Abena bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

"Ẹ ní kí ọkọ̀ yẹn padà," ó wí. "Kẹ́nikẹ́ni má sì tan iná ìta lálẹ́ òní o."