Bí Mo Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà Mi ní Pàṣípààrọ̀ Káàdì

Èmi, Dọ́kásì Àjíkẹ́ Ọ̀pálẹ́yẹ, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọmọ ìran alágbẹ̀dẹ ní Ọ̀fà, ni mo kọ ìrántí yìí. Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìlọrin, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní Tanke, mo sì gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ìṣòro ọmọ ènìyàn tí ìṣirò kò lè yanjú.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbà ọkùnrin a máa péjọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Ṣàngó láti ṣe pàṣípààrọ̀ káàdì kéékèèké tí àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà lára wọn, irú èyí tí ó máa ń wà nínú ṣingọ́ọ̀mù. Wọn a tú káàdì ara wọn wò títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Àánú wọn ṣe mí. Mo ṣe ètò kan sínú kọ̀ǹpútà mi, tí ó ń gba ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ní ìlọ́po àti ohun tí ó ṣaláìní. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, mo sì fi ìgbéraga lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Alfa kan wà láàárín wọn, olùkọ́ ilé kéú. Káàdì aṣọ́lé nìkan ni ó kù kí ikọ̀ tirẹ̀ pé. Télọ̀ sì ní méjì, ó pariwo:

“Alfa, ẹ wo ara ògiri! Pẹ̀lú gbogbo fáàrí yín, ẹ ò ní aṣọ́lé! Ilé yín ṣí sílẹ̀ gbayawu!”

“Ó dáa, mélòó lo máa gbà?”

“Káàdì mẹ́fà.”

“Mẹ́fà kẹ̀? Wàláì, o ò ní rí káàdì mi mọ́!”

Ó kó káàdì rẹ̀, ó lọ. Ní Sátidé kejì kò wá, àwọn tí ó máa ń bá a wá náà kò wá. Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni ó fẹ́ tú mọ́ mi lórí yìí. Mo lọ bẹ Alfa nílé rẹ̀. Ó fún mi ní àga àti omi tútù kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Ìyá Tíṣà, ẹ̀rọ yín gbọ́n, àmọ́ kò mọ àṣírí í bò. Ta ní í ná ọjà lẹ́yìn tó ti sọ fún ọlọ́jà pé òun ò lè sùn láìrí i rà?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí òótọ́ ni. Mo tún ètò náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá wá sí ilé mi ní Basin, yóò sọ àìní rẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì pa ẹnu mọ́. Àfi bí ẹni méjì bá ní ohun tí ara wọn ń wá, nígbà náà nìkan ni yóò dárúkọ wọn pọ̀. Mo tún bẹ Alfa, ó wá, bí ó tilẹ̀ ń fajúro.

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ jáde ni tirẹ̀ àti ti télọ̀. Télọ̀, tí ó ti búra fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun kò ṣaláìní ohunkóhun, ti ń wá agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan tí Alfa ní tipẹ́tipẹ́. Alfa ka ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àṣé ìwọ náà ń wá nǹkan, o wá ń fi mí ṣẹ̀sín!”

“Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Oníbàárà ń gbọ́.”

Ọ̀kan fún ọ̀kan ni wọ́n ṣe é. Àwọn tí ó ti sá padà wá.

Lóde òní, fóònù ọmọ ọmọ mi ń sọ ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ fún gbogbo ayé kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó jí. Mo ń wò ó, mo ń rẹ́rìn-ín, n kò bá a jiyàn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo ń padà sí Ọ̀fà, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ láti dágbére fún àwọn oníkáàdì. Alfa àti télọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, olúkúlùkù fi àtẹ́lẹwọ́ bo káàdì rẹ̀, olúkúlùkù ń búra pé òun kò wá ohunkóhun. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, ọdún 1998.