Àwòrán Ìyá Mi Tí Mo Dín Kù

Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti òórùn ìnkì ló máa ń jí mi nígbà èwe mi ní Ṣàngó, ní Ìlọrin. Yàrá iwájú ilé wa ni Bàbá mi ti ń ya fọ́tò. Kò sí ojú tí kò yà tán ládùúgbò, àfi ti ìyàwó rẹ̀. Ẹlẹ́hàá ni ìyá mi. Inú ilé nìkan la ti ń rí ojú rẹ̀, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun.

Nígbà tí ètò Mẹ́kà rẹ̀ bọ́ sí i, kò sí bí kò ṣe ní ṣí ojú fún fọ́ọ̀mù. Bàbá ti ilẹ̀kùn, ìyá mi ká ìbòjú rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe kíá, Bàbá Àṣàbí, kí n tó yí ọkàn padà." Èmi ni Àṣàbí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Fọ́tò náà dára débi pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà kò gba àwòrán ńlá. Ìrun Àsárì ti tó, Bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ní kí n bá òun dín in kù. Kì í ṣe pé kò kọ́ mi. "Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ná. Ẹ̀dà ni kí o dín kù, má fọwọ́ kan ojúlówó. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá yọ dànù, kò ní dá a padà." Èmi tí mo ti gbọ́n jù, mo dín ojúlówó kù títí ó fi kéré bí èékánná, mo sì tẹ séèfù. Káàdì kámẹ́rà ńkọ́? Bàbá ti nu ún, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti kó fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà tán.

Bàbá fa etí mi. Ìyá mi ló gbà mí sílẹ̀. "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Tí mo bá ti Mẹ́kà dé, màá tún jókòó fún yín."

Kò dé. Àìsàn ṣe é níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. A kò rí òkú, a kò rí sàréè. Àwòrán bí èékánná yẹn ló kù. Ó pẹ́ tí Bàbá fi ń jókòó tì í lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Bó bá ṣe ń fẹ̀ ẹ́ tó ni ojú ìyá mi ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó. Kò bá mi wí mọ́ láti ọjọ́ tí a gbọ́ ikú náà. Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn fún mi.

Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Adéwọlé. Mo ń dín fọ́tò kù fún àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù, ilà ojú ẹnikẹ́ni kì í parẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn kò mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ìyá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ń wo àwòrán kékeré náà lórí fóònù mi. "Mọ́mì, ṣé ìyá àgbà ní àpá kankan lójú?" Mo ní ó ní ọ̀kan, lábẹ́ ojú òsì. Ó fẹ àwòrán náà títí, kò rí nǹkan kan.

Àpá náà wà. Mo máa ń fi ìka kàn án tó bá gbé mi sórí ẹsẹ̀. Bóyá òsì ni, bóyá ọ̀tún ni, mi ò mọ̀ mọ́.