Aránṣọ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìlapákó

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aránṣọ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Orúkọ náà bá a mu.

Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú òòlù, ìfági, ayùn ọwọ́ àti pákó tó ti gbẹ dáadáa. Kò sí ẹni tó ń wọ ibẹ̀ mọ́ àfi eku. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti bá onítáyà kan sọ̀rọ̀ pé kó wá háyà ṣọ́ọ̀bù náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ màmá wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Abẹ́rẹ́ lọ bá a.

"Màmá, ẹ má tíì fún onítáyà. Èmi fẹ́ máa ṣe káfíńtà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ? Bí ìṣó kan bá yọ lára àga rẹ, èmi lò ń pè."

"Tí mo bá pè yín, ṣé ẹ máa ń wá?"

Màmá ò dá sí ìyẹn. Ó ní, "Ikán ti jẹ kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá yín ṣe fún mi. Abẹ́rẹ́, ṣe òmíràn. Bí kò bá mì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì pa dé, ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá mì, onítáyà ló ni ín."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fi ayùn ọwọ́ bàbá rẹ̀ la pákó kan. Ojú ibi tó là rí bí ibi tí ejò gbà kọjá. Ó la òmíràn, ejò náà tún padà wá. Ó wá mọ̀ pé àfi kí òun ra ẹ̀rọ ìlapákó, èyí tó dà bíi tábìlì onírin, tí ayùn róbótó yọrí láàárín rẹ̀, tí èèyàn á máa ti pákó sí i lẹ́nu. Agbára rẹ̀ ò ká tuntun. Ó ní àlòkù lòun máa wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà tútù kùn. Ó ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n fi ìpara pa.

"Èyí nìyí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Sanwó, ká máa lọ."

Ọlọ́jà tan iná sí i. Ẹ̀rọ náà bú ramúramù, gbogbo ibẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ gbóhùn rẹ̀ bí, Àǹtí?"

"Mo gbọ́. Ẹ pa á. Ẹ yọ wáyà rẹ̀."

Aránṣọ kì í ra ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó bá ń pariwo. Á yọ bẹ́líìtì rẹ̀, á fi ọwọ́ yí i, á sì wò ó bóyá abẹ́rẹ́ ń wọ àárín ihò rẹ̀. Ohun tí Abẹ́rẹ́ mọ̀ nìyẹn, ohun náà ló sì ṣe. Ó fi ọwọ́ yí ayùn. Ó le níbì kan, ó dẹ̀ níbòmíràn. Ó wo orí tábìlì náà. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó yẹ kí òun àti ayùn jọ máa rìn gbọọrọ láìsún mọ́ra, láìjìnnà síra. Ó tẹ igi kékeré kan bọ inú kòtò náà, ó yọ píìnì kúrò lára ọrùn aṣọ rẹ̀, ó gún un mọ́ igi ọ̀hún títí orí píìnì fi kan eyín ayùn kan. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín yẹn. Ó yí i lọ sẹ́yìn, ó sì ti igi náà tẹ̀ lé e. Píìnì ò kan eyín mọ́. Èékánná lè gba àárín wọn kọjá.

"Ẹ̀rọ yín ń wo ẹ̀gbẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Àǹtí, pákó lẹ fẹ́ là. Ẹ ò fẹ́ rán an."

"Ẹ kú ọjà o."

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá káfíńtà kan tí ẹ̀yìn dídùn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́, tó ń ta ẹrù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, ìpẹtà ti bo gbogbo orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ yí ayùn. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń sùn. Ó fi píìnì kàn án níwájú, ó dún tín. Ó yí i sẹ́yìn, ó dún tín.

Bàbá náà ti ń wò ó láti orí àga. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni, Bàbá."

"Àwọn tó ti wá, ìpẹtà ni wọ́n rí." Ó na ọwọ́, ó mú igi kan tí ọwọ́ ti sọ di dúdú. "Mú èyí dání. Má fi ìka ti pákó dé ibi eyín. Igi yìí ni kó o fi tì í. Ìdí tí ìka mi fi pé nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n ń gbé e sínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kùn. "O fi èyí tó ń dán sílẹ̀, o ra irin jíjẹrà."

"Ẹnu dùn ún ròfọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún."

Kẹrosínì àti sáńdípépà ló fi ha ìpẹtà náà títí ojú irin fi yọ. Ó tan iná, ó ti pákó kan sí i. Nígbà tó gbé e sókè tó fi ojú kan wò ó, ejò ti lọ. Ó gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó, bí ẹni pé ọmọ tó bí ló ń rìn lọ.

Bó ṣe máa ń gé aṣọ ló ṣe gé pákó pẹpẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa gbogbo ìlà wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tẹ̀ lé orí ìlà. Ó fẹ́ tò wọ́n sí ààyè wọn, gbogbo wọn ń já bọ́. Wọ́n kúrú. Ó wọ̀n wọ́n títí, kò rí ibi tó ti ṣìnà, àfi ìgbà tó wo ilẹ̀ tó rí lẹ́búlẹ́bú igi. Sísọ́ọ̀sì kì í jẹ aṣọ, ó kàn ń yà á ni. Ayùn ń jẹun. Ibi tó bá gbà kọjá, á jẹ tó ìnípọn eyín rẹ̀.

Pákó tó kù ò tó láti gé òmíràn. Bí àwọn pẹpẹ náà bá já bọ́, onítáyà ti wọlé nìyẹn.

Ó jókòó sórí ìtí igi bàbá rẹ̀. Kí ni aránṣọ ń ṣe bí aṣọ bá kúrú? Ó dìde. Ó la igi dúdú kékeré kan tó rí lábẹ́ pákó bàbá rẹ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, ó fi okùn dì wọ́n títí tó fi gbẹ. Kí wọ́n lè bára mu, ó lẹ igi dúdú mọ́ etí ilẹ̀kùn pẹ̀lú.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà wọlé, Màmá bu omi kún abọ́ bámúbámú, ó gbé e sí orí rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó pa á dé. Ó fi ìdí tì í. Omi ò dà.

"Ìwọ náà tì í," ó sọ fún ọmọkùnrin rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tì í, ó tún tì í. Omi ń wò ó.

Màmá fi ìka tọ etí dúdú náà. "Kí lèyí?"

"Ìṣẹ́tí ni, Màmá. Pákó kúrú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Pákó máa ń kúrú mọ́ bàbá yín náà lọ́wọ́. Tirẹ̀ ni pé kì í sọ." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fi lé Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n họ orí. "Kí ni kí n wá sọ fún onítáyà?"

"Ẹ ní tó bá fẹ́ pẹpẹ tó máa to táyà sí, kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù."